PS4 mẹ́fà, PS5 kan: àkọsílẹ̀ ilé géèmù kan ní Àjàṣẹ́

Ilé géèmù tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí wà ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, lójú ọ̀nà ọjà Wàǹdó. Ẹni tó ni ín fún mi láyè láti kọ ọ́ kí àwọn tó ń ṣe irú òwò rẹ̀ lè rí nǹkan mú lò, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun. Obìnrin ni. Omi tútù àti yàọ́ọ̀tì ló ń tà kó tó kọ́ yàrá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, tó sì kó ẹ̀rọ géèmù sínú rẹ̀. Tàǹtí ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè é, Tàǹtí náà ni n ó máa pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti parí lycée, ló ń jókòó ti ẹ̀rọ, òun ló ń gbowó, òun ló sì ń ṣètò ìdíje ọjọ́ Sátidé. Èmi ni mo ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe. Gbogbo ìpinnu tí wọ́n ti ṣe láti 2021 ló ṣojú mi, wọ́n sì bi mí ní èrò mi lórí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀

Lọ́dún 2021, PS4 (PlayStation 4, ẹ̀rọ géèmù ilé-iṣẹ́ Sony) mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, Cotonou ni wọ́n ti rà wọ́n. Géèmù bọ́ọ̀lù FIFA ló wà nínú mẹ́rin, PES 2021, bọ́ọ̀lù mìíràn, wà nínú ìkarùn-ún, géèmù ìjà méjì, Tekken 7 àti Mortal Kombat 11, sì jọ ń pín ìkẹfà lò. 100 fráǹkì ni bọ́ọ̀lù kan. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti jáde nírọ̀lẹ́, àyè ìjókòó a tán. Àwọn ẹ̀rọ náà ti pa owó ara wọn padà tipẹ́. Owó iná, páàdì ìdarí géèmù tó bá bàjẹ́, àti sídì bọ́ọ̀lù tuntun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nìkan ni ìnáwó tó kù.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé géèmù mìíràn ṣí ní àdúgbò kejì, tí wọ́n kọ PS5, orúkọ ẹ̀rọ tuntun tó tẹ̀ lé PS4, gàdàgbà sára ògiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Tàǹtí kò gbádùn ara rẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n ta PS4 mẹ́rin, kí wọ́n fi owó wọn kún èyí tó wà nílẹ̀, kí wọ́n fi ra PS5 méjì.

"Tàǹtí, PS4 ti parí. Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò nídìí rẹ̀ kó tó di pé kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ wa mọ́."

Tàǹtí kò dá a lóhùn. Èmi ló kọjú sí.

"Bùrọ̀dá, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tuntun, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rà á. Kí ló wá dé tí àwọn kan náà ṣì ń ṣe géèmù tuntun fún èyí àtijọ́? Ṣé wọn ò fẹ́ kí tuntun tà ni?"

Ìbéèrè yẹn ló gba ilé géèmù náà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ géèmù jẹun gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó tú àpò, ìdí nìyẹn tí n ó fi fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ibi tí owó wọn ti ń wá

Kì í ṣe ara ẹ̀rọ ni èrè wà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni Sony bẹ̀rẹ̀ sí ta PS5. Èyí tó ní ihò sídì jẹ́ 499 dọ́là ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ó di 2021 kí Sony tó lè sọ pé àwọn kò pàdánù lórí rẹ̀ mọ́. Géèmù ni owó ti ń wọlé: èyí tí wọ́n bá ṣe fúnra wọn, àti nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 tí wọ́n ń yọ nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá ta géèmù ní ìsọ̀ wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí èrè rẹ̀ bá wà lórí géèmù, ibi tí àwọn tó ń ra géèmù pọ̀ sí ni yóò máa wò.

Níbo ni wọ́n pọ̀ sí nígbà náà? Títí di òpin 2021, PS5 tí Sony ti kó jáde jẹ́ mílíọ̀nù 17.3. PS4 ti ju mílíọ̀nù 116 lọ. Tàǹtí ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó sì mirí.

Ẹ wá fi owó tí géèmù ńlá ń ná ènìyàn tì í. Lọ́dún 2023, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bá Microsoft ṣẹjọ́ lórí rírà tí wọ́n fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ géèmù Activision Blizzard, ìwé kan tí wọn kò pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ dáadáa tú síta. Ibẹ̀ la ti rí i pé géèmù Horizon Forbidden West ná Sony ní mílíọ̀nù dọ́là 212. Ìdá kékeré nínú àwọn tó ní ẹ̀rọ ló máa ń ra géèmù kan, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó. Ẹni tó bá ti kó mílíọ̀nù 212 sílẹ̀, tó wá ní òun ò ní tà fún àwọn tó ní PS4, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Oṣù Kejì 2022 ni Horizon náà jáde, lórí PS4 àti PS5 lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀rọ tuntun gan-an ò tilẹ̀ tó. Àrùn kòrónà ti da iṣẹ́ rú, ṣíìpù wọ́n káàkiri ayé, ẹni tó ní owó PS5 lọ́wọ́ ń wá a káàkiri kò rí i. Ní oṣù Kìíní 2022, ilé ìròyìn Bloomberg gbé e jáde pé Sony, tó ti fẹ́ dá ṣíṣe PS4 dúró ní òpin ọdún tó ṣáájú, ti pinnu láti máa ṣe é lọ. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pariwo pé PS4 ti kú nígbà yẹn ka ìròyìn náà.

Ìdí kan tún wà tí àwa tó ń tú ẹ̀rọ wọ̀nyí palẹ̀ mọ̀ dáadáa. PS3 ní ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní Cell, tí kò bá ti ẹ̀rọ mìíràn mu, ìdí nìyẹn tí sídì PS3 kò fi ṣiṣẹ́ nínú PS4 tó jáde ní 2013. Ṣùgbọ́n PS4 àti PS5 jẹ́ ẹbí: x86 ni àwọn méjèèjì, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ilé-iṣẹ́ AMD ló sì ṣe é fún wọn. Ẹni tó bá ṣe géèmù fún ọ̀kan kò ní láti tún un ṣe láti ìpìlẹ̀ fún èkejì. Á dín ẹwà àwòrán kù, á dín iye ènìyàn tó ń rìn ní títì inú géèmù náà kù, á sì gbé e lọ sọ́jà. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó iṣẹ́ géèmù méjì.

Wọn kò kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí. Ní oṣù Karùn-ún 2020, Jim Ryan, ọ̀gá PlayStation nígbà náà, ń sọ pé àwọn nígbàgbọ́ nínú ìran ẹ̀rọ, pé ẹni tó bá ra tuntun gbọ́dọ̀ rí ohun tí kò sí nínú ti àtijọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, Sony kéde pé Spider-Man: Miles Morales, Sackboy àti Horizon yóò wà lórí PS4 pẹ̀lú. Gran Turismo 7 àti God of War Ragnarök tẹ̀ lé wọn ní 2022. Microsoft ní tiwọn ti là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 pé géèmù tí àwọn bá ṣe fúnra àwọn yóò máa ṣiṣẹ́ lórí Xbox, ẹ̀rọ géèmù tiwọn, àtijọ́ àti tuntun fún ọdún kan tàbí méjì. Mi ò rí ohun tó burú nínú pé ènìyàn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tí ọjà bá yí. Ohun tó burú ni kí onílé géèmù ní Àjàṣẹ́ ta ẹ̀rọ mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, láìdúró gbọ́ èkejì.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí PS4. Nintendo gbé Zelda: Twilight Princess jáde lórí ẹ̀rọ wọn àtijọ́, GameCube, àti tuntun, Wii, ní 2006, wọ́n gbé Breath of the Wild jáde lórí Wii U àti Switch ní 2017. Èyí tó bá tiwa mu jù ni ti bọ́ọ̀lù. PS2 jáde ní 2000, FIFA 14 sì tún jáde fún un ní 2013! FIFA 19 ló kẹ́yìn fún PS3, ní 2018, ọdún karùn-ún lẹ́yìn tí PS4 ti dé. Ẹni tó bá dàgbà sí agbègbè wa mọ ìdí rẹ̀: PS2 wà nínú ilé wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, a ò tíì kúrò níbẹ̀.

Tàǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èmi náà ń ta omi inú ọ̀rá, mo sì ń ta ti inú ìgò. Ẹni tó mú 25 fráǹkì wá, n ò ní lé e."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àyàfi pé omi kan náà ló ń rọ sínú ọ̀rá àti ìgò. Géèmù kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wọn ti padà wá.

Wọn ò ta PS4, wọ́n ra PS5 kan

Ìpinnu tí a ṣe ni pé wọn kò ní ta PS4 kankan. Wọ́n máa ra PS5 ẹyọ kan, kí wọ́n fi wo bí yóò ṣe rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ wá a ní Cotonou, ó pè pé òun rí èyí tó dínwó. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí kò ní ihò sídì ni. Mo ní kó fi sílẹ̀ níbẹ̀, èyí sì ni ìmọ̀ràn tí inú mi dùn sí jù pé wọ́n gbà. Sídì ni ẹ̀mí ilé géèmù. Sídì ni a ń rà ní tòkunbọ̀, òun la ń fi pààrọ̀, òun la ń tà nígbà tí tọdún tuntun bá dé. Fún ẹni tó ń ra dátà lórí fóònù, géèmù ńlá kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó gbèsè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, PS5 oníhò máa ń gba sídì PS4, bí a bá yọ ìwọ̀nba géèmù díẹ̀ kúrò. Gbogbo sídì tó wà nínú páálí Tàǹtí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni wọ́n ra oníhò. Iye rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà jẹ́ 499.99 yúrò, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 328,000 fráǹkì. Tàǹtí san ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí ọjà tó wọ́n ni, alágbàtà sì ti jẹ tiwọn lórí rẹ̀. Wọ́n ra sídì FIFA 22 ti PS5, wọ́n ra páàdì kejì, wọ́n sì sọ bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ di 200 fráǹkì. Kì í ṣe ojúkòkòrò ló fà á. PS5 yẹn lè fa iná tó 200 watt nígbà tí géèmù bá ń lọ, PS4 pẹlẹbẹ kì í sì í tó ìdajì rẹ̀. Ẹni tó ń fi káàdì ra iná sínú mítà yóò rí ìyàtọ̀ náà kí oṣù tó parí.

Níbẹ̀rẹ̀, èrò pé jọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n padà sídìí PS4.

Bọ́ọ̀lù méjì lórúkọ kan

Ohun tó kọ́kọ́ gbé mi lọ síbẹ̀ ni páàdì, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní manette. Wọ́n ní èyí tuntun ti bàjẹ́, pé R2 rẹ̀, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sáré, ń le mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo jókòó, mo mú un, mo gbá bọ́ọ̀lù náà dé ìdajì kejì. Òótọ́ ni, bí agbábọ́ọ̀lù tí mo ń darí ti ń sáré tó ń rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnì náà ń le sí i lábẹ́ ìka mi. Páàdì ò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún PS5 nìyẹn, kí ọwọ́ lè mọ̀ pé ó ti rẹ agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ R2 PS4 ò rí i bí ohun tó dára, ẹ̀rọ tó fẹ́ jẹ owó òun mọ́lẹ̀ ló kà á sí. Mo wọ inú ètò ẹ̀rọ, mo pa á.

Pípa á kò tán ọ̀rọ̀. FIFA 22 ti PS5 àti ti PS4 kì í ṣe ohun kan náà tí wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn. EA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe FIFA, wọ ẹ̀wù tó ń gba ìṣípòpadà ara fún agbábọ́ọ̀lù 22, wọ́n ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tòótọ́, ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n pè ní HyperMotion. Orí PS5, Xbox Series (Xbox tuntun) àti Stadia ti Google nìkan ni wọ́n fi sí. PS4 kò ní in. Bí ẹlẹ́yìn ṣe ń yí ara padà, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò lẹ́sẹ̀, ó yàtọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ló wá gbóná. Ìdíje ni, ọmọ bíi mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì fi ìpele tó ṣáájú àṣekágbá sórí PS5 kó lè dùn ún wò. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní àdúgbò náà, tó ti lu gbogbo ènìyàn lórí PS4, pàdánù. Ó fi páàdì lélẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí mo sanwó fún nìyí. Ẹ gbé wa padà sórí tiwa."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, àwọn tó borí náà dìde. Tàǹtí ló wọlé, ó dá owó ìdíje padà fún gbogbo wọn, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kò bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ó kàn bi í pé, "Ṣé àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ó yàtọ̀?"

Wọ́n mọ̀. Nígbà tí EA jẹ́ kí oríṣi ẹ̀rọ méjì lè pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú FIFA 23, PS4 pẹ̀lú Xbox One (Xbox àtijọ́) ni wọ́n so, PS5 pẹ̀lú Xbox Series. Wọn kò jẹ́ kí ẹni tó ń gbá ti PS4 bá ẹni tó ń gbá ti PS5 pàdé rárá. Bí àwọn tó ṣe géèmù bá ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kò yẹ kí ìdíje 100 fráǹkì pa wọ́n pọ̀.

Ibi tí dídín géèmù kù fún ẹ̀rọ àtijọ́ lè burú dé tún ju èyí lọ. Cyberpunk 2077 jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2020. Lórí PS4 lásán, ó ń há, ó ń kú lójijì, débi pé Sony yọ ọ́ kúrò ní ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí oṣù náà tó parí, wọ́n sì ń dá owó padà. Oṣù Kẹfà 2021 ló tó padà síbẹ̀. PS4 ní háàdì díìsìkì tó ń yí, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 8 GB. PS5 ní SSD, ibi ìkópamọ́ tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, tó ń ka 5.5 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́mórì rẹ̀ sì jẹ́ 16 GB. Bí ìlú inú géèmù bá ti tóbi jù, kò sí bí èyí àkọ́kọ́ yóò ṣe sáré tó. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kó má ra géèmù ńlá kankan fún PS4 nítorí pé orúkọ PS4 wà lára páálí rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ wo fídíò rẹ̀ lórí PS4 gan-an.

Sídì PS4 nínú PS5

Ohun tó yanjú ti ìdíje rọrùn. Mo mú sídì FIFA 22 ti PS4 láti orí tábìlì, mo tì í bọ inú PS5, mo dúró kó fi wọlé, mo sì so páàdì PS4 àtijọ́ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́. Páàdì PS4 kì í gbá géèmù PS5, PS5 kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀dà PS4 ló wà nínú ẹ̀rọ náà, yóò gbà á. Ọ̀rọ̀ PS4 yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ géèmù lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó ń bínú ọjọ́ Sátidé mú páàdì náà, ó gbá a díẹ̀, ó ní, "Tiwa nìyí."

Láti ìgbà náà, ẹ̀dà PS4 ni gbogbo ìdíje, ìbáà jẹ́ lórí ẹ̀rọ wo. PS5 di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ní àárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà PS5 á san 200 fráǹkì, á sì mọ ohun tó ń rà. Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: fún ọdún kan àti díẹ̀ sí i, PS5 náà kò pa owó ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló gbé ilé náà dúró, bọ́ọ̀lù sì wà lórí PS4. Tàǹtí kò kábàámọ̀ pé òun rà á, àmọ́ ó máa ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò tíì sọ ohun tó bá wá.

Ìgbà tí àwọn oníjà kúrò

Ọdún 2023 ni nǹkan yí. Ẹni tó bá ń fojú sílẹ̀ yóò ti rí àmì rẹ̀ lára ọjọ́ ìjáde àwọn géèmù. Hogwarts Legacy jáde fún PS5 ní oṣù Kejì, àwọn tó ní PS4 dúró di oṣù Karùn-ún. Cyberpunk tó dé orí ẹ̀rọ méjèèjì gbé àfikún rẹ̀, Phantom Liberty, jáde ní oṣù Kẹsàn-án, kò sí ti PS4 rárá. Bí wọ́n ṣe ń kúrò nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn náà ti àtijọ́ á máa pẹ́, àfikún kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ta PS5 ní Cotonou tó ń sọ èyí fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ òun ni onílé géèmù nílò jù.

Ní ilé Tàǹtí, géèmù ìjà ló kọ́kọ́ kúrò lórí PS4. Mortal Kombat 1 jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2023 láìsí PS4. Tekken 8 tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 2024, Unreal Engine 5, irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù, ni wọ́n fi ṣe é, kò sí PS4 níbẹ̀ náà. Dragon Ball: Sparking! Zero ṣe bákan náà ní oṣù Kẹwàá 2024. Street Fighter 6 nìkan ló ṣì rántí PS4 nínú àwọn tí wọ́n ń béèrè.

Àwọn tó ń ja Tekken nílé Tàǹtí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé. Mẹ́káníìkì ni wọ́n, kafíńtà, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òmìnira, wọ́n máa ń dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Wọ́n ti rí Tekken 8 lórí fóònù, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ lálaalẹ́. Wọ́n fi sí PS5. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé òun padà sórí PS4, torí kò sí lórí PS4. Kò sẹ́ni tó ní 200 fráǹkì ti pọ̀ jù. Oṣù díẹ̀ péré, PS5 tó ti jókòó lásán ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dún 2024 náà ni wọ́n ra PS5 kejì, oníhò, tòkunbọ̀, ó sì dínwó ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀. Wọ́n ta PS4 méjì, èyí tí fáànù wọn ti ń ké, mo fọ eruku ọyẹ́ inú wọn kí wọ́n tó tà wọ́n. Wọ́n ṣì rí ẹni rà wọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù tó ba ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní 2021 kò ṣẹ.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń pè mí nísinsìnyí

Àwọn onílé géèmù méjì, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, ọ̀kan ní Kétu, ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n ni pé: kí ni oníbàárà yín ń sanwó fún? Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má kánjú. Bó bá jẹ́ ìjà, ẹ ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀lù ń ta géèmù lọ́dọọdún, ó sì tún ń ta káàdì agbábọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ibi tí èrò bá wà ni yóò pẹ́ sí jù. Lọ́dún 2024, Sony fúnra wọn fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń lo PlayStation lóṣooṣù ló ṣì wà lórí PS4. Ẹni tó ń tẹjú mọ́ ìdajì yẹn kò ní fi í sílẹ̀ kíákíá. Onílé géèmù tó wà ní Kétu, bọ́ọ̀lù nìkan ni tirẹ̀, mo ní kó fi owó PS5 ra páàdì tuntun, kó sì pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra PS5, kó ra oníhò. Kó má sọ páàdì PS4 nù. Kó wo ẹ̀dà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ̀dà méjèèjì bá wà nínú PS5, ẹ̀rọ náà lè ṣí èyí tí ẹ ò fẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Tàǹtí ti ní ìwé kan báyìí, ó ń kọ géèmù tí oníbàárà bá béèrè tí wọn ò ní sínú rẹ̀, àti bóyá ó wà fún PS4 tàbí kò sí. Bí EA bá sì kéde bọ́ọ̀lù ọdún tuntun, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá ni orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí yóò jáde fún. FC 26 (FC ni orúkọ tí bọ́ọ̀lù FIFA ti EA ń jẹ́ báyìí) ṣì jáde fún PS4 ní oṣù Kẹsàn-án 2025. PS4 mẹ́rin tó kù ṣì wà lórí tábìlì, mo ti fi SSD rọ́pò háàdì díìsìkì inú méjì nínú wọn, Tàǹtí sì ní kí n bá òun wá iye tí ti méjì yòókù máa jẹ́.